Ọjà Tí A Pè Padà

Ìwọ ọmọ ilé-ìwé tí o ń ka ìwé yìí, bí o bá jẹ́ ọmọ Èjìgbò, tàbí ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tàbí ọmọ ìlú kékeré mìíràn ní àgbègbè wa, ìwọ náà kò ní ṣàì ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Nígbà tí ọdún bá ń lọ sí òpin, àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Àbíjáàn a máa wálé. Wọn a la ilẹ̀ Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, wọn a sì gúnlẹ̀ sí Èjìgbò pẹ̀lú ẹrù àti ayọ̀. Àwọn tí Ọlọ́run ti bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wọn a máa mú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara wọn bọ̀. A ó fọ ọkọ̀ náà títí yóò fi máa dán yinrinyinrin, ẹbí àti ọ̀rẹ́ yóò péjọ, àgbà yóò súre, ọmọdé yóò sì fi ọwọ́ kan án láti mọ bí ó ti rí. Orúkọ tí a ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni tòkunbọ̀.

Orúkọ ènìyàn ni orúkọ yìí kí ó tó di ti ọkọ̀. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí a sì gbé wá sílé, ni à ń pè ní Tòkunbọ̀. Ṣùgbọ́n kíyè sí nǹkan kan. Bí Tòkunbọ̀ tí í ṣe ènìyàn bá wọ agbolé, àwọn àgbà kì í ṣàì bi í léèrè pé, “Ta ni ó bí ọ? Ilé ta ni ìyá rẹ ti wá? Kí ni oríkì rẹ?” Bí ó bá wá dàgbà tí ó fẹ́ gbéyàwó, ìwádìí a tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó béèrè bóyá àrùn kan wà nínú ìdílé rẹ̀, a ó béèrè bóyá wọ́n jẹ́ oníjà tàbí onígbèsè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tòkunbọ̀ tí í ṣe ọkọ̀ bá wọlé, kò sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè kan ju iye owó tí a rà á lọ. Bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ ni a ó kó aya àti ọmọ sí. Nítorí èyí ni mo fi fẹ́ sọ ìtàn kan fún ọ lónìí. Ìtàn ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìtàn ìwà ọmọ ènìyàn ni pẹ̀lú.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń pè ní pípe ọjà padà. Ìlú Ògìyán ni Èjìgbò, ìlú tí ó mọ iyì iyán. Bí ìyá kan bá ta iṣu fún ogún ènìyàn ní ọjà wa, tí ó sì délé tí ó bá a pé ìyókù iṣu inú àká rẹ̀ ti jẹrà láti inú wá, ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Ó lè dákẹ́, kí ó máa sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, “Owó ti wọ àpò mi, ẹni tí ó bá gún un ni yóò mọ̀.” Ó sì lè rán ọmọ rẹ̀ sí ilé àwọn tí ó rà á, kí ó ní, “Ẹ má gún un o. Ẹ dá a padà, màmá mi yóò fún yín ní òmíràn.” Ọ̀nà kejì yìí ni pípe ọjà padà. Ó ń náni lówó, ó sì ń ti ènìyàn lójú. Síbẹ̀, lọ́dọ̀ ìyá wo ni ìwọ yóò tún lọ ra iṣu ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀?

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ kò fi ìgbà gbogbo rìn ní ọ̀nà kejì yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọkọ̀ bá pa ènìyàn, awakọ̀ nìkan ni a ń dá lẹ́bi. Wọn a ní ó sáré jù, tàbí pé ó mu ọtí. Òtítọ́ ni pé awakọ̀ a máa jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń béèrè bóyá ọkọ̀ náà pàápàá jẹ̀bi. Ní 1965, agbẹjọ́rò kan ní Amẹ́ríkà, Ralph Nader, kọ ìwé kan tí ó fi hàn pé àwọn olùṣe ọkọ̀ mọ ohun tí ó lè dáàbò bo ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kò fi sí i nítorí owó. Kí ni ilé-iṣẹ́ General Motors ṣe? Dípò kí ó yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò, amí ni ó gbà láti máa ṣọ́ ọkùnrin náà, bóyá wọn yóò rí àbùkù kan lára rẹ̀. Àṣírí tú. Ní oṣù kẹta 1966, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà jókòó níwájú àwọn aṣòfin, ó sì tọrọ àforíjì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà gan-an ni ààrẹ Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí òfin tí ó pàṣẹ pé bí olùṣe ọkọ̀ bá rí àbùkù tí ó lè pa ènìyàn, ó di dandan kí ó sọ fún ẹni tí ó rà á. Ní 1974, a fi kún òfin náà pé ọ̀fẹ́ ni kí ó tún un ṣe.

Má rò pé gbogbo olùṣe ọkọ̀ ni ó jẹ́ oníwà bẹ́ẹ̀. Ní 1959, Nils Bohlin, ọmọ ilẹ̀ Sweden tí ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Volvo, ṣe ìgbànú ìjókòó tí ó gba èjìká àti ìdí kọjá, irú èyí tí a ń so títí di òní. Volvo ìbá fi í ṣe tirẹ̀ nìkan, kí ó máa gba owó lọ́wọ́ gbogbo ayé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ọgbọ́n náà lélẹ̀ fún gbogbo olùṣe ọkọ̀ láti lò. Ẹ̀mí tí ìgbànú náà ti gbà là pọ̀ ju ohun tí a lè kà lọ. Ohun rere tí a fi fún ayé kì í parun.

Ní ilẹ̀ tiwa náà, ojú àwọn olóye là sí ewu ojú ọ̀nà. Ní 1977, nígbà tí Èjìgbò ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni aṣáájú rẹ̀. Ní oṣù kejì 1988, ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà ni a sì fi ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí a wá dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, iṣẹ́ náà ti fìdí múlẹ̀ ní àárín wa.

Wàyí o, jẹ́ kí n mú ọkọ̀ kan ṣoṣo, kí n fi ìtàn rẹ̀ kọ́ ọ ní ọgbọ́n. Ọkọ̀ náà ni Honda Accord. Japan ni a ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1976. Ní oṣù kọkànlá 1982, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ìlú Marysville ní Amẹ́ríkà. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ìrẹ́pọ̀. Ọkọ̀ baba àti ìyá àti ọmọ ni, kò kéré jù, kò sì tóbi jù. Àwọn ará ilẹ̀ wa fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ ìnagijẹ. Èyí tí ó jáde ní 2003 ni wọ́n pè ní “End of Discussion”, èyíinì ni pé ọ̀rọ̀ ti parí, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Bí o bá ka ìtàn yìí dé òpin, ìwọ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kò tíì parí rárá.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ọkọ̀ kan dára fún ẹ̀mí ènìyàn? Kì í ṣe nípa wíwo dídán rẹ̀. Láti 1979 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń gbé ọkọ̀ tuntun lu ògiri, tí ó sì ń gbé èsì rẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn láti rí. Ọmọlangidi tí ó tóbi bí ènìyàn ni a ń gbé sínú ọkọ̀ náà, a ó sì wo ibi tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá já sí. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìràwọ̀ ṣe máàkì. Ìràwọ̀ márùn-ún ni ó ga jù. Àjọ mìíràn tún wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò dá sílẹ̀ ní 1959, tí òun náà ń dán ọkọ̀ wò.

Ní 2012, àjọ yìí gbé ìdánwò tuntun kan dé. Dípò kí gbogbo iwájú ọkọ̀ fi ara gbá, igun kan ṣoṣo, ìdá mẹ́rin iwájú rẹ̀, ni wọ́n fi ń gbá nǹkan líle, lórí ìsáré kìlómítà 64 ní wákàtí kan. Bí ọkọ̀ ṣe ń sáré gbá igi ẹ̀bá ọ̀nà nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dán irú ọkọ̀ ìdílé 18 wò, méjì péré ni ó gba máàkì “dára”. Accord tuntun jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Toyota Camry, ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń yìn, gba máàkì tí ó burú jù. O ha rò pé Toyota bínú, tí ó ní olùkọ́ ni kò fẹ́ràn òun, bí àwọn kan nínú yín ti máa ń sọ? Ó padà sí ilé, ó tún iwájú ọkọ̀ náà ṣe, nígbà tí a sì tún dán Camry ti 2015 wò, “dára” ni òun náà gbà. Àwọn àgbà wa ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ẹni tí ó gba òdo tí ó sì lọ kàwé sàn ju ẹni tí ó ń bá olùkọ́ jà lọ.

Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà tí ìdánwò ògiri kò lè fi hàn, nítorí pé kò sí nínú ọkọ̀ tuntun. Ọjọ́ orí ni ó ń bí i. Inú àpò afẹ́fẹ́ ni ó wà, èyí tí ó wà níwájú awakọ̀ àti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, ẹ̀tù kékeré inú agolo irin kan yóò gbiná, atẹ́gùn rẹ̀ yóò sì kún àpò náà kí ojú tó ṣẹ́, kí orí ènìyàn lè bọ́ sórí ohun rírọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Japan tí ń jẹ́ Takata ni ó ń ṣe àpò yìí fún Honda àti ọ̀pọ̀ olùṣe ọkọ̀ mìíràn. Ahunṣọ ni ilé-iṣẹ́ náà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1933. Láti ibi okùn ni ó ti dé ibi ìgbànú ìjókòó, láti ibẹ̀ ni ó sì ti dé ibi àpò afẹ́fẹ́. Takata fi ammonium nitrate ṣe ẹ̀tù rẹ̀, nǹkan tí a tún ń lò nínú ajílẹ̀ àti láti fọ́ òkúta. Àìsàn rẹ̀ ni pé ooru àti ọ̀rinrin a máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nígbà tí ó bá ti bàjẹ́, kò ní jó bí ó ti yẹ mọ́. Yóò bú gbàù, yóò fọ́ agolo irin náà, àfọ́kù irin yóò sì máa fò lu ọrùn àti ojú ẹni tí ó yẹ kí ó gbà là. Ohun tí a ṣe láti jẹ́ ìrọ̀rí di ọ̀bẹ.

Ní 2004, ní ìpínlẹ̀ Alabama, àpò inú Accord kan bú bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe ènìyàn léṣe. Wọ́n kà á sí ohun tí ó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó di oṣù kọkànlá 2008 kí Honda tó kọ́kọ́ pe ọkọ̀ padà, bíi 4,000 péré. Ní 2009, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Oklahoma, tí kò ju ìwọ tí ń kà yìí lọ púpọ̀, kú nínú Accord ti 2001 nítorí àfọ́kù irin bẹ́ẹ̀, nínú ìgbánilù tí kò yẹ kí ó gba ẹ̀mí. Láti ìgbà náà ni pípe padà ti ń gbòòrò sí i lọ́dọọdún, títí ó fi kan bíi mílíọ̀nù 67 àpò ní Amẹ́ríkà nìkan. Ní 2016, ìdánwò fi hàn pé nínú àwọn Honda kan tí ó ti pẹ́, Accord ti 2001 àti 2002 wà lára wọn, bí àpò bá ṣí, ewu pé yóò bú lè tó 50 nínú 100. “End of Discussion” ti 2003 náà kò yọ sílẹ̀ nínú àwọn tí a pè padà.

Kí ni ìdí tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Irọ́ ni. A rí i pé àwọn kan nínú ilé-iṣẹ́ Takata ti yí èsì ìdánwò padà kí àwọn oníbàárà wọn má bàa mọ òtítọ́. Ní oṣù kìíní 1917 kọ́ ni mo ń wí, ayé ìgbàanì kọ́. Ní oṣù kìíní 2017 ni, ní ojú wa báyìí, Takata gbà pé òun jẹ̀bi jìbìtì, ó sì gbà láti san bílíọ̀nù kan dọ́là. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ó wọ gbèsè, ilé-iṣẹ́ tí ó ti wà fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rin ọdún wó lulẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó dùn mí pé òtítọ́ kò bá a kí ẹ̀mí tó ṣòfò.

Nísinsìnyí a padà dé Èjìgbò. Bí olùṣe ọkọ̀ bá pe ọjà rẹ̀ padà, ìwé ni ó ń kọ sí ilé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni náà ti ta ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó rà á ti gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ti gúnlẹ̀ sí Kútọnu tàbí Èkó, ó ti gba ọwọ́ alágbàtà mẹ́ta kọjá. Lóòótọ́, láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba wa ti ní kí a má gbé ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti wọlé ṣáájú ìgbà náà kò lọ. Ọkọ̀ la òkun kọjá, ìwé kò là á. Ooru àti ọ̀rinrin tí ń ba ẹ̀tù náà jẹ́ sì nìyí, ilẹ̀ wa ni ilé wọn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ilé-ìwé gbé ọkọ̀ kan wá kí mi. Èmi kò ní dárúkọ irú ọkọ̀ náà. Mo súre fún un, mo sì bi í pé, “Ǹjẹ́ o mọ ìtàn rẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, sà.” Mo ní kí ó ka nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Kò sí ọkọ̀ méjì tí ó jọ ní ọ̀kan náà. Ó tẹ̀ ẹ́ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù rẹ̀. Èsì jáde: a ti pe ọkọ̀ náà padà nítorí àpò afẹ́fẹ́, kò sì sí ẹni tí ó tún un ṣe. Ẹ̀rín kúrò ní ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó padà wá. Ó ní olùkọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń bá òun dúnàá-dúrà ọkọ̀ náà, olùkọ́ tí ó ní ọmọ mẹ́rin, ọ̀la ni yóò sì mú owó wá. Ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ó pọn dandan kí n sọ fún un? Ẹni tí ó tà á fún mi kò sọ fún mi.” Mo bi í pé, “Èwo nínú àwọn ọmọ mẹ́rin náà ni ìwọ fẹ́ kí ó jókòó níwájú?” Kò dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ kejì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún olùkọ́ náà. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó di owó rẹ̀ mú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò padà wá. Oṣù púpọ̀ kọjá kí ọmọ wa tó rí àyè gbé ọkọ̀ náà lọ sí Èkó, níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ àpò náà láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tí ó fẹ́ fi tún ilé ìyá rẹ̀ kọ́ ni ó há sínú ọkọ̀ náà ní gbogbo àkókò yìí. Ó sì bi mí nígbà kan pé, “Ọ̀gá, èrè òtítọ́ mi dà?” Èmi kò purọ́ fún un. Mo ní, “Ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n ń lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀. Ìwọ kò ní mọ̀ wọ́n láéláé.”

Ìwọ náà lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí bàbá rẹ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ra ọkọ̀, bá a wá nọ́ńbà 17 náà kí o sì wò ó. Bí iná àpò afẹ́fẹ́ bá ń tàn níwájú awakọ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò. Ẹni tí ó pa iná kò pa ewu. Má sì jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà fi ọwọ́ kan àpò náà, nítorí ẹ̀tù ni ó wà níbẹ̀. So ìgbànú ìjókòó rẹ, ì báà ṣe Ẹdẹ ni o ń lọ, ì báà ṣe Àbíjáàn. Mọ̀ pẹ̀lú pé òfin ilẹ̀ wa ti 2018, èyí tí ó dá àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà sílẹ̀, kò fi àyè gba kí a máa ta ọjà eléwu fún ènìyàn kí a sì dákẹ́.

Ní ìparí, rántí pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ nìkan ni ó ń pe ọjà padà. Ọ̀rọ̀ tí o sọ nípa ọmọ kíláàsì rẹ, tí o wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé irọ́ ni, ọjà àbùkù ni. Ó ń kiri láti ẹnu dé ẹnu. Ìdáhùn tí o fi han ọ̀rẹ́ rẹ tí kò sì tọ̀nà, ọjà àbùkù ni. Má sọ pé, “Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi.” Dìde, tọ àwọn tí o fún ní in lọ, kí o ní, “Mo ṣìnà. Ẹ dá a padà.” Ojú yóò tì ọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju àfọ́kù irin lọ. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà. Kò sì sí ẹni tí ó lè pa orúkọ rere mọ́ fún ọjọ́ pípẹ́ bí kò bá mọ bí a ti ń pe àṣìṣe ara rẹ̀ padà kí ó tó gún ẹlòmíràn.